Àwo Ọgbọ̀n Péré: Bí Mo Ṣe Lọ Gba Ohùn Bàbá Mi ní Hamburg

Ẹ̀yin ará Ìdànrè tí ẹ ń wò mí láti ìgbà tí mo ti dé bí ẹni tó jí nǹkan pamọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọkàn yín lè balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òkè òkun ni mo lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, Jámánì ni. Rárá, n kò ra mọ́tò bọ̀. Àwo orin kan ṣoṣo ni mo mú bọ̀, ó wà nínú páálí, kò sì tóbi ju ìdérí ìkòkò lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wá a kí n tó rí i gbà, èmi tí mo ṣe orin inú rẹ̀ fúnra mi.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé fóònù ni mo ń tún ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé bí ọjà bá ti dá, mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mo máa ń fi ìró ṣe orin. Kò ní ìlù, kò ní ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè jó o. Ìró kòkó tí wọ́n ń yí nínú oòrùn, ìró òjò lórí páànù, ìró afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín àpáta kọjá, mo máa ń fà wọ́n gùn títí wọ́n á fi máa hùn bí fíríìjì àtijọ́. Ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n sáré pe oníná, wáyà ń jó níbì kan.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láyé yìí tí wọ́n fẹ́ràn kí wáyà máa jó. Ọkùnrin kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Lukas gbọ́ orin mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun á fi òmíràn tí n kò tíì gbé jáde ṣe àwo, àwo dúdú gidi bíi ti àwọn bàbá wa. Ó ní ọgbọ̀n ni òun á ṣe. Mo rò pé ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ni. Ọgbọ̀n péré ni. Bí ìyá kan bá din àkàrà láàárọ̀ tí ọgbọ̀n èèyàn péré ra á, a ó máa bá a kẹ́dùn ni. Lọ́dọ̀ àwa olórin tó ń hùn yìí, bí ọjà bá ṣe kéré tó ni iyì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Wọ́n á kọ nọ́ńbà sí àwo kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọ̀rá dì í, wọ́n á sì búra pé àwọn kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ohùn bàbá mi wà nínú orin náà. Mo gbà á sílẹ̀ ní àgbàlá wa níbi tó ti ń sá kòkó, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń gbà á. Oṣù méjì lẹ́yìn tí mo fi orin ránṣẹ́ sí Lukas, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn lọ pátápátá. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn tí iná dé lójijì pẹ̀lú agbára tí kò mú wá rí, ó jó kọ̀ǹpútà mi mọ́ orí tábìlì, tòun ti ẹ̀dà orin náà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi kì í sì í bá fóònù sọ̀rọ̀. Ìyá mi ló máa ń bá a jẹ́ iṣẹ́: "Bàbá rẹ ní kí o má pẹ́ o." Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa kò ní ohùn rẹ̀ sọ́wọ́.

Nígbà tí Lukas wá kọ̀wé pé kí n wá síbi ìfilọ́lẹ̀ àwo náà, pé àwọn á san owó ọkọ̀, ìyá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé.

"Rẹ̀mí, wọ́n ní ohùn bàbá rẹ wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"N kò fẹ́ bàtà. N kò fẹ́ báàgì. Ohùn yẹn ni kí o bá mi gbà bọ̀. Ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ ariwo ọkùnrin yìí tí inú ń bí mi. Ilé yìí wá dákẹ́ jù."

Nípa físà àti àwọn tó tú báàgì mi wò, n kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó ti lọ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì lọ, Ọlọ́run á ṣe tirẹ̀.

*

Ibi tí kòkó ń sá lọ

Lukas dúró dè mí ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ dúdú ló wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní "Ẹ káàbọ̀," ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì dákẹ́. Mo dúró de ìyókù ìkíni. Kò béèrè ìrìn, kò béèrè ilé, kò béèrè bóyá mo jí dáadáa. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè tirẹ̀: ìyá rẹ̀ ńkọ́, bàbá rẹ̀ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ó ní ìyá òun ń gbé ní ìlú mìíràn, òun rí i ní ọdún Kérésì. Mo bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kí obìnrin tó jókòó tì mí, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan.

Lukas mú mi gba etí odò kọjá. Ilé ńláńlá tò síbẹ̀, alájà mẹ́fà, bíríkì pupa, omi ń ṣàn lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́ bí ọkọ̀ ojú omi bá ti já a kalẹ̀. Mo dúró. Ẹ̀yin ará ilé, mo dé ibi tí kòkó wa ń sá lọ, mo sì lè sọ fún yín pé ìyà kò jẹ ẹ́ níbẹ̀ rárá. Ọ̀dọ́ ni bàbá mi nígbà tó kúrò ní Ìkirè wá sí Ìdànrè. Oko olóko ló ń ṣe títí àrùn fi dá a dúró, tí wọ́n á pín èrè sí mẹ́ta kó tó kan tirẹ̀. Kòkó tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ já kò ra fèrèsé kan ṣoṣo bíi ti ilé yẹn fún un rí. N kò sọ èyí fún Lukas. Ó ń sọ fún mi bí ìró ṣe máa ń dún dáadáa láàárín ògiri bíríkì.

Alẹ́ lẹ́, a jẹun. Wọ́n ń pe oúnjẹ náà ní "búrẹ́dì alẹ́" ní èdè wọn, orúkọ rẹ̀ kò sì purọ́. Búrẹ́dì ni, alẹ́ sì ni. Ẹnikẹ́ni kò dáná. Wàràkàṣì kan wà níbẹ̀ tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ilé-ìwé, ẹran tútù tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi tí mo fi lè rí Lukas láti òdì kejì rẹ̀, àti kùkúmbà. Mo jẹ ẹyọ búrẹ́dì kan. Lukas ní ṣé mo fẹ́ sí i. Mo ní ah, mo ti yó. Ó gbà mí gbọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì níṣojú mi, ó sì ní ó dàárọ̀.

Gààrí tí ìyá mi fi sí ìsàlẹ̀ báàgì ló gbà mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

*

Ẹ má ṣèyọnu

Ní ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá kan, tábìlì kan, Lukas kan. Mo ti pinnu pé n kò ní jẹ́ kí oòrùn wọ̀ kí n tó béèrè ohun tí mo wá gbà. Mo ní àwo tèmi dà?

Ó ní gbogbo ọgbọ̀n ló ti ní ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n tà tán láàárín wákàtí kan, ó sì yọ̀ mọ́ mi.

Mo ní mo gbọ́, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n tèmi ńkọ́, èmi tí mo ṣe é?

Kò bínú. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi lẹ́tà kan hàn mí. Òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́: "Ṣé ẹ fẹ́ kí n tọ́jú àwo márùn-ún fún yín?" Ìdáhùn mi wà lábẹ́ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́: "Ah, ẹ má ṣèyọnu rárá. Kò sí wàhálà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Bí èèyàn bá ní kí o wá jẹun, ṣé ojú ẹsẹ̀ lo máa fọwọ́? Wàá ní o ti jẹun bọ̀. Á ní kí o wá fi kan ẹnu. Wàá ní o ti yó. Á fẹ́ẹ́ máa bínú, á fa àga fún ọ, wàá wá jókòó bí ẹni tó ń ṣe é lóore, o sì lè jẹ ju onílé lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nígbà tí mo kọ "ẹ má ṣèyọnu", mo ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì ni. Mo dúró fún oṣù mẹ́jọ. Lukas ní tirẹ̀ dúpẹ́ fún ìwà ọ̀làwọ́ mi, ó sì ta márààrún. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi kò tilẹ̀ dákẹ́ o. Ẹnu ara mi ni mo fi lé tèmi lọ.

Mo ní kó fún mi ní orin tí mo fi ránṣẹ́ sí i, kí n gbé e sínú fóònù. Ó ní òun ti pa á rẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun ti san owó ilé-ìwé ọmọ aláìníbaba. Àṣà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni, bí àwo bá ti jáde, wọ́n á pa orísun rẹ̀ rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà lè ṣe òmíràn. Ó ní òun bi mí léèrè nípa ìyẹn náà. Mo bẹ̀rù láti wo ìdáhùn mi.

Mo wá sọ fún un pé bàbá mi kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, pé ohùn rẹ̀ kò sí níbòmíràn. Ojú Lukas kún fún omi. N kò parọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni. Ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní ó dun òun púpọ̀. Ó ní èyí jẹ́ kí àwo náà ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí òun bá ṣe ẹyọ kan sí i, àwọn tó rà á á sọ pé òun já àwọn kulẹ̀.

Mo ní àwo tí a fẹ́ gbọ́ níbi ìfilọ́lẹ̀ ńkọ́? Ó ní nọ́ńbà ọgbọ̀n nìyẹn, gbogbo àwọn olùrà ló jọ ni ín, àwo náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. N kò bi í pé iṣẹ́ wo. Ìwà àlejò tún ni.

*

Ewúrẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀

Inú ọ̀kan nínú àwọn ilé kòkó yẹn ni wọ́n ti ṣe é. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan gba fóònù gbogbo wa sínú àpò kan, kí ẹnikẹ́ni má baà gba orin náà sílẹ̀. Ó gba tèmi náà. Ogójì èèyàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí tìmùtìmù, dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, n kò sì rí òkú tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Kò sí ọtí, kò sí súyà, kò sí alága ìjókòó. Wọ́n pín omi.

Wọ́n tún pín ìwé kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àwo sí. Ó ní ohùn tí a ó gbọ́ jẹ́ ti "àgbà kan nínú ìran tó ti ń gbé orí òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé, tó ń gbàdúrà sí àwọn àpáta." Bàbá mi, ọmọ Ìkirè, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè láyé rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó fi róòbù pa orúnkún fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní ẹni tó bá tún mú òun lọ síbẹ̀, òun àti onítọ̀hún á pàdé níwájú Olúwa. Bí ẹ̀yin onílẹ̀ bá fẹ́ bínú, kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́.

Lukas gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Ó hùn. Ó ń hùn lọ. Gbogbo wọn dijú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, láti àárín híhùn náà, bàbá mi yọ: "Kúrò níbẹ̀! Kúrò! Ìwọ ewúrẹ́ yìí, ojú rẹ ti dá jù! Ta ló ni ọ́ gan-an?"

Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi ń sunkún, èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n n kò rò pé ohun kan náà ló ń pa wá lẹ́kún.

Nígbà tí ojú kìíní àwo náà parí, Lukas dìde. Ó yọ àwo náà jẹ́jẹ́, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó sì fi orúnkún dá a sí méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí ọgbọ̀n lè di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kí iyì lè lé sí i.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ń ṣe ẹ̀fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ẹ̀fẹ̀ ni ti ọjọ́ yẹn. Ohùn bàbá mi ṣẹ́ sí méjì lójú mi. Inú mi bàjẹ́ dé egungun. Èmi náà sì pàtẹ́wọ́, nítorí àlejò ni mí, ojú wọn sì wà lára mi.

Obìnrin kan tó mú ìwé kékeré lọ́wọ́ wá bá mi lẹ́yìn náà. Ó ní àdúrà wo ni àgbà náà ń gbà?

"Kì í ṣe àdúrà. Ewúrẹ́ ló ń lé."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ni ewúrẹ́ náà dúró fún?

"Kò dúró fún nǹkan kan, mà. Ewúrẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa, ni. Ó ń tẹ kòkó wa mọ́lẹ̀."

Ó wò mí títí, ó sì sọ pé ìyẹn jinlẹ̀ gan-an.

*

Àwọn tó ń kó o jọ

Mo bẹ Lukas kó jẹ́ kí n rí àwọn tó ra àwo náà. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn wà ní ilẹ̀ mìíràn, àwọn méjì péré ló wà ní Hamburg. Ó kọ lẹ́tà sí wọn láti tọrọ àyè, wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ àti aago, bí ẹni tó fẹ́ lọ rí dókítà.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin kan tí kì í ṣiyèméjì. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó sì mú mi wọ yàrá kan tó tutù bí ilé ìgbókùú-sí. Àwo kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé òkè àjà, gbogbo wọn nínú ọ̀rá. Ó yọ tèmi jáde. Nọ́ńbà kẹrin. Bàbá mi wà níbẹ̀, kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ láàárín wa.

Mo wo yíká. Mo ní, "Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ wọn dà?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. Ó ní òun kò ní. Bí èèyàn bá ti já ọ̀rá rẹ̀, iyì rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn.

Kòkó tí a bá kó pamọ́ láìtà, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí mo wá ṣe. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e lọ gbọ́ níbì kan, kí n kàn fi fóònù gba ohùn náà, kí n dá a padà lọ́jọ́ kan náà. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Rárá." Mo dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn èèyàn wọ̀nyí, bí ẹ̀ẹ̀kejì kò ti sí fún oore ni kò sí fún ìkà.

Ó ní kí n bá òun fọwọ́ sí bébà kan tí òun á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ má bi mí ìdí.

Ọjọ́ méjì ló kù kí n padà sílé nígbà tí mo lọ bá ẹnì kejì. Gisela ni orúkọ rẹ̀, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ó ń gbé ní àjà kẹrin ilé tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Mo pè é ní "Mama". Ó ní òun kò bímọ. Mo ní kò burú, mà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó.

Ó gbé kéèkì kalẹ̀, èso ṣẹ́rí wà nínú rẹ̀. Ó ní ṣé mo mu kọfí?

Òtútù ti mú mi dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Mo sì gbọ́ ẹnu mi tó ń sọ pé, "Ah, rárá mà, ẹ ṣeun." Ó da tirẹ̀ sínú ife, ó gbé ìkòkò kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Mo jókòó, mò ń wo èéfín kọfí. Ẹ wo àgbàlagbà ọkùnrin tó gba ọ̀nà jíjìn wá láti fi ẹ̀kọ́ ilé pa ara rẹ̀.

Ó bi mí léèrè ìdí tí mo fi wá. Mo sọ fún un. N kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní ìyá mi ní ilé ti dákẹ́ jù.

Ó gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá sọ pé láti ọdún tí ọkọ òun ti kú, òun máa ń tan rédíò sílẹ̀ bí òun bá ń jáde, kí òun lè bá ohùn ọkùnrin nínú ilé bí òun bá dé. Ó dìde, ó lọ sínú yàrá, ó gbé àwo náà jáde. Nọ́ńbà kọkànlá, ọ̀rá rẹ̀ kò tíì já.

Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Ẹ má ṣèyọnu" ti dé ẹnu mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń kan eyín mi. Tìyá-tìbàbá mi, gbogbo àwọn tó ti gbá mi létí nítorí pé mo na ọwọ́ sí ẹran ní ilé onílé, gbogbo wọn dúró sí ẹ̀yìn mi ní yàrá yẹn. Mo ki ọrùn wọn mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fẹ́ ẹ."

Ó ní, "Ó dáa." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó tán. Ohun tí mo ti ń sá yípo rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́jọ kò gbà ju bí èèyàn ṣe ń sín lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó rò pé mo ṣubú, ó fẹ́ pe ọkọ̀ aláìsàn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní ṣé kí a jọ gbọ́ ọ, òun ní ẹ̀rọ. Mo ní rárá, ìyá mi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Rárá tòótọ́ ni. Ó ní ṣé mo fẹ́ kéèkì sí i? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kọfí ńkọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, kí ó kún.

*

Àgbàlá wa

Bàbá Alàgbà ìjọ wa ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo láyé àtijọ́, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ṣéńjà. Ó nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e wá sílé wa ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo dé, ó sì gbàdúrà lé e lórí kí iná má lọ. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kòkó wà ní sísá káàkiri àgbàlá. Ìyá mi ti wẹ̀, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìkórè.

Mo fi abẹ ya ọ̀rá náà. Bí ọkùnrin oníbọ̀wọ́ yẹn bá rí mi, ì bá dákú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hùn. Ìyá mi fara balẹ̀ títí. Ó ní, "Rẹ̀mí, ṣé kò ti bàjẹ́ báyìí?"

"Kò bàjẹ́, mà. Bó ṣe rí nìyẹn."

"Èyí náà ni àwọn òyìnbó ń ra?"

Bàbá Alàgbà ní, "Ẹ ní sùúrù, Ìyá Rẹ̀mí. Bóyá ó ṣì wà lọ́nà ni."

Ohùn náà dé, tòun ti ewúrẹ́. Ìyá mi pariwo, ó lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ewúrẹ́ oníwàhálà yẹn mà ni, wọ́n mà ti pa á jẹ. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo àlejò tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó mọ̀.

Mo yí àwo sí ojú kejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ojú yìí ní Hamburg. Èmi fúnra mi kò rántí ohun tí mo fi sí i mọ́, ó ti pẹ́. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán, ó ń fẹ́ lọ. Bàbá Alàgbà ti ń tòògbé. Lójijì, láìsí híhùn kankan, bí ẹni pé ó dúró ní àárín àgbàlá, bàbá mi ké:

"Ìyá Rẹ̀mí! Ìyá Rẹ̀mí o! Kí lò ń ṣe nínú ilé láti àárọ̀? Òjò ti ṣú o! Jáde wá kó kòkó!"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyá mi fi dìde. Ó tú gèlè, ó fi gbàjá, ó gbé agbọ̀n àti ìgbálẹ̀, ó sáré bọ́ sí àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kòkó jọ. Oòrùn mú ganrínganrín. Kò sí ìkùukùu kankan láti orí àpáta dé ibi tí ojú lè rí i dé. Bàbá Alàgbà la ẹnu láti sọ fún un, mo di apá rẹ̀ mú.

Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ òsì, nítorí òun ló kù. Ó nà án sí igun kan lẹ́bàá kànga, níbi tí ìyá mi kò tíì gbá dé.

"Mo ti rí i," ni ìyá mi dá a lóhùn, kò wo ẹ̀yìn, inú ń bí i gan-an. "Mo ti rí i! Ṣé ọwọ́ mẹ́fà ni mo ní ni?"

Mo mú agbọ̀n kejì, mo lọ bá a kó kòkó náà kúrò nínú oòrùn.